Ìlà Àkọ́kọ́ Lórí Ilẹ̀kùn

Ìró bàtà ni mo fi ń mọ ẹni tó ń rìn lórí wa. Abẹ́ ilé kan ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà, ni a ń gbé lọ́dún náà, bàbá mi, màmá mi àti èmi. Àwọn tó ni ilé ń gbé lókè. Sálúbàtà Bàbá Gáò máa ń lu pákó ilẹ̀ pa-pa-pa, bí ẹni tó ń kánjú lọ síbi tí kò jìnnà. Ti ìyàwó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dún, àfi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó máa ń sáré lọ, tí á dúró, tí á tún sáré. Ẹni kẹta lókè ni ìyá Màmá Gáò, tí gbogbo ilé ń pè ní Àmà, bí àwọn ará Taiwan ṣe ń pe ìyá àgbà. Àmà kì í gbé ẹsẹ̀, ó ń wọ́ ọ ni, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, láti ìdí ibùsùn dé ìdí fèrèsé, láti ìdí fèrèsé padà sí ìdí ibùsùn. Bí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù bá ń kọjá lẹ́yìn àwọn ilé, gbogbo ìró yìí á pòórá, àwo á máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Tó bá kọjá tán, a óò tún gbọ́ Àmà: ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Fọlákẹ́, ìyàwó mi, fẹ́ràn kí n máa sọ̀rọ̀ ilé yẹn. Àìmọye ìgbà ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, èmi á sì ní mò ń bọ̀. Ó ti kú báyìí. Ilé wa ní Brandywine dákẹ́, kò sì sí nǹkan tí mo tún lè sọ pé ó ń dá mi dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n mú mi wá láti Ìbàdàn, níbi tí mo ti wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi láti ìgbà tí àwọn òbí mi ti rìnrìn àjò. Màmá mi ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Bàbá mi ń lọ sí yunifásítì lọ́sàn-án, ó ń wa takisí lálẹ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, kò sí ẹnì kankan nílé. Àwọn Gáò ni wọ́n fúnra wọn ní kí n máa gòkè wá bá àwọn títí màmá mi yóò fi dé. Bàbá mi kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní, "Àkànní, àwọn ará òkè yìí ni ò jẹ́ kí n dá ẹ padà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó ti sú àwọn, ọ̀dọ̀ ìyá mi n'Ìbàdàn lo máa lọ. Mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan ní ìlú tí a ò ti ní ẹ̀gbọ́n, tí a ò ní àbúrò." Kò halẹ̀ mọ́ mi, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ló sọ. Mo fẹ́ràn ìyá àgbà mi. Ṣùgbọ́n ohùn màmá mi ti kúrò létí mi nígbà tí mo wà n'Ìbàdàn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún mọ̀ ọ́n ni, n kò sì fẹ́ kí ó tún kúrò. Gbogbo ìwà tí mo ń hù lókè, orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé e kà: kí n má ṣe sú àwọn Gáò.

Kò ṣòro láti gbádùn ọ̀dọ̀ wọn. Màmá Gáò máa ń se ìrẹsì títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, á wá já ẹja gbígbẹ àti àlùbọ́sà eléwé lé e lórí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́, mo rò pé ẹni tó ń ṣàìsàn wà nínú ilé ni. Ọjọ́ kẹta, mo ń fi ìka nu abọ́. Màmá mi kì í dá àwo wọn padà lófìfo. Bí wọ́n bá fi ẹ̀kọ ìrẹsì ránṣẹ́ sísàlẹ̀, ọbẹ̀ ata ni yóò fi dá a lóhùn, tàbí àkàrà bó bá rí ẹ̀wà tó dára rà. Bàbá Gáò á jẹ àkàrà, ojú rẹ̀ á pọ́n, omi á máa dà ní imú rẹ̀, á ní, "Ìyá rẹ fẹ́ pa mí. Ó tún kù?" Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣan ìrẹsì títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí n gbá ewé ìwájú ilé, kí n sì gbé tíì lọ fún Àmà nídìí fèrèsé. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé e, lórí ìkúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọwọ́ méjèèjì ni òun náà fi ń gbà á. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tirẹ̀ pàápàá. Wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń wo ọwọ́ mi méjèèjì yẹn, á wá mi orí rẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni Bàbá Gáò máa ń kọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà ní ìwé kíkọ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó máa ń lọ tàdáwà dúdú lórí òkúta, kò ní kánjú, á ní òórùn rẹ̀ gan-an ti jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́. Àmì ni àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi dáadáa sì kéré, ìlà mẹ́rin péré. "Wò ó," ó ní, "ilẹ̀kùn ni. Òpó rẹ̀ nìyí, pákó rẹ̀ nìyí. Àwọn ará àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ sára egungun màlúù àti igbá ahun, nígbà tí wọ́n ń bi àwọn baba ńlá wọn léèrè bóyá òjò máa rọ̀." Ó ya èyí tí wọ́n gbẹ́ sára egungun náà fún mi, ó sì jọ ilẹ̀kùn lóòótọ́, ilẹ̀kùn pákó tó wà lára òpó kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ó ya méjì tí wọ́n kọjú síra wọn. "Bó bá ti di méjì, ẹnu ọ̀nà ńlá ni, ti ilé ọlọ́lá. Ẹyọ kan tó fún èmi àti ìwọ." Ó ní nígbà tó yá, àwọn ìjòyè ọba tó fẹ́ mọ iye ìdílé tó wà nílùú ò wọlé ka orí, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kà, bẹ́ẹ̀ ni àmì ilẹ̀kùn ṣe di àmì ìdílé. Ó kọ́ mi bí ilẹ̀kùn kan náà ṣe ń wọnú àmì mìíràn: fi ìyẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó di abẹ̀bẹ̀, fi ẹran ara sábẹ́ rẹ̀, ó di èjìká. Mo sáré lọ sọ fún màmá mi bó ti ń bọ́ bàtà iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tó ń jọ ẹ́ lójú nìyẹn? Ojúlé mélòó ni wọ́n ní ó wà ládùúgbò wa n'Ìbàdàn? Ṣé àwọn tó ń sùn nínú ẹ̀ ni wọ́n ń kà ni?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí ará Ṣáínà ìgbàanì lójú ọkàn mi, tó dúró ládùúgbò wa, tó ń na ìka sí ilẹ̀kùn wa.

Orí ilẹ̀kùn yìí ni ìjà wà. Ọmọ Shandong ni Bàbá Gáò, ní orílẹ̀ Ṣáínà gan-an, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ níwèé kí ogun tó lé e lọ sí Taiwan. Bí òun bá ń kọ àmì náà, ẹ̀kán kékeré ló máa ń fi síbi àkọ́kọ́, lókè pátápátá, bí omi tó kán: 户. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nínú ìwé lọ́hùn-ún títí dòní. Ọmọ Taiwan ni Màmá Gáò, ilé ìwé ibẹ̀ ló lọ, ìlà kúkúrú tó dà láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n kọ́ òun: 戶. Ìlà mẹ́ta tó kù kò yàtọ̀. Síbẹ̀, mi ò rántí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kò jà lé e lórí.

"Ṣé òrùlé ilé bàbá ẹ ń jò ni?" Màmá Gáò á ní láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Kí ni omi ń wá lórí ilẹ̀kùn?"

"Ó sàn ju tìẹ lọ. Tìẹ ti ń ṣubú. Ta ló máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣubú kọjá?"

"Olè ò ní lè gbabẹ̀."

"Ọkọ náà ò ní lè gbabẹ̀."

"Ta ló pe ọkọ?"

Ìjà gidi ni mo pè é nígbà náà, ẹ̀rù sì máa ń bà mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ń gbọ́. Èmi àti Fọlákẹ́ fi gbogbo ìgbéyàwó wa jiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí a fi iyọ̀ sí ẹ̀wà. Òun ní àfi bó bá rọ̀ tán, nítorí iyọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀wà rọ̀. Èmi ní ìyá mi kì í dúró dè é. A ti fi ìbéèrè yìí gba àlejò, a ti fi í parí ìbínú tó tóbi jù ú lọ. Ní báyìí, ìgbà tó bá wù mí ni mo ń fi iyọ̀ sí i.

Ohun tí mo ṣe nínú ìjà wọn, ọmọ tí wọ́n bá tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìkan ló lè ṣe é. Wọ́n ti kọ́ mi pé ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, ọmọdé kì í sì í sọ fún àgbà pé irọ́ ni. Bí Bàbá Gáò bá ní, "Ẹ̀kán ló dára jù, àbí?" èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," n ó sì kọ ọ́ ní ẹlẹ́kàn-án. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Màmá Gáò, tí òun ní kí n kọ ọ́, èmi á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ìlà mi á sì dà sí òsì. Mi ò kà á sí irọ́. Ọ̀wọ̀ ni. Àṣé Bàbá Gáò ti lẹ èyí tí mo kọ fún un mọ́ ògiri yàrá ìwé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí ó ń kọ́ aṣọ sí. Bí ọdún tuntun wọn ṣe ń súnmọ́, tí a jókòó nídìí tábìlì, Bàbá Gáò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ tó ti Áfíríkà wá pàápàá mọ̀ pé ẹ̀kán ló tọ́. Màmá Gáò gbé ṣíbí sílẹ̀. "Àkànní? Tèmi ni Àkànní ń kọ!" Àwọn méjèèjì bojú wò mí, inú wọn ń dùn, oníkálukú dá ara rẹ̀ lójú. "Ó dáa," Màmá Gáò ní. "Ọjọ́ ọdún, níwájú àlejò, òun ló máa kọ ọ́. Tó bá kọ tèmi, ìwọ lo máa fọ abọ́ títí ọdún á fi yípo."

Mo lọ bá màmá mi bó ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "O ń sọ fún bàbá pé tiẹ̀ ló dáa, o ń sọ fún màmá náà bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bá àgbà jiyàn."

"Mo ní kí o má jiyàn. Mi ò ní kí o máa gbè sẹ́yìn ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Bí wọ́n bá rí i pé o ń fi àwọn ṣe eré, Àkànní, mi ò mọ ohun tí mo máa wí." Kò dárúkọ Ìbàdàn. Kò sí ìdí fún un láti dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ ọdún náà, ilé òkè kún. Àwọn ọmọ kíláàsì Sátidé àti òbí wọn wá, bàtà kún ẹnu ọ̀nà, èéfín oúnjẹ bo gíláàsì fèrèsé tí yìnyín wà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Gáò tẹ́ ìwé pupa gbọọrọ sórí pákó kan lórí tábìlì. Àmì mẹ́rin ni wọ́n máa kọ sí i, ọ̀rọ̀ ìkíni ọdún tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹnu ọ̀nà, ẹgbàárùn-ún ojúlé. Ọmọ mẹ́ta kọ mẹ́ta, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Èyí tó kẹ́yìn, àmì ilẹ̀kùn, ni tèmi. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn nínú aṣọ funfun rẹ̀, abọ́ pọ́fùpọ́fù lọ́wọ́. Mo gba gègé onírun tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Bàbá Gáò ń rẹ́rìn-ín lápá kan, Màmá Gáò ká ọwọ́ sáyà lápá kejì, ó ń fi ojú bi ọkọ rẹ̀ pé ṣé ó ti ra ọṣẹ ìfọbọ́. Ìlà òkè yẹn la sì ń kọ́kọ́ kọ. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀kùn láti ìsàlẹ̀. Bí mo bá kan ẹ̀kán sílẹ̀, Màmá Gáò á mọ̀ pé mo ti ń tan òun. Bí mo bá fa ìlà, Bàbá Gáò á mọ̀. Tàdáwà ti ń kórajọ sẹ́nu gègé, ó fẹ́ kán.

"Àkànní," màmá mi ní láti ẹnu àtẹ̀gùn. Yorùbá ló sọ, kò sì pariwo, bí ẹni tó ń béèrè ibi tí iyọ̀ wà. "Ta ló dàgbà jù nínú ilé yìí?"

Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ohun tó wí. Mo gbé ìwé pupa náà àti pákó tí wọ́n tẹ́ ẹ lé, mo la àárín àlejò kọjá dé ìdí fèrèsé níbi tí Àmà jókòó sí. Mo gbé e ka orí itan rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí mo ti ń ṣe fún ìyá àgbà mi n'Ìbàdàn, mo dìde kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì na gègé náà sí i. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Màmá Gáò ti ń bọ̀ kíákíá: "Rárá, rárá, Àkànní, Àmà kì í kọ̀wé, ó ti gbàgbé." Ṣùgbọ́n Àmà ti fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ó wo ìwé náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi gègé kàn án lókè, lápá òsì, ó sì fà á lọ sí ọ̀tún. Kì í ṣe ẹ̀kán. Kò dà. Ìlà gbọọrọ ni, ó dùbúlẹ̀ bí igi àtẹ́rígbà lórí ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ìlà náà gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Ó kọ ìlà mẹ́ta tó kù sábẹ́ rẹ̀: 戸. Ó dá gègé padà fún mi.

Màmá Gáò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Taiwan tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́, ohùn rẹ̀ kéré, bí ohùn ọmọdé. Àmà fèsì kúkúrú. Bàbá Gáò béèrè ohun tó wí, ìyàwó rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀.

"Mo ní, 'Mi ò mọ̀ pé báyìí lẹ ṣe ń kọ ọ́.' Ó ní, 'O ò bi mí rí.'"

Nígbà tí Àmà wà ní ọmọdébìnrin, àwọn ará Jàpáànù ló ń ṣàkóso Taiwan, olùkọ́ tiwọn ló sì kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ilẹ̀kùn ní Jàpáànù. Nígbà tí wọ́n lọ, ìjọba mìíràn dé, ìwé mìíràn dé, ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ á rọra pa á mọ́. Ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé tuntun, ó ń mú ìwé wálé, ìyá rẹ̀ ń wò ó, kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ọdún tí tọkọtìyàwó fi ń jà lórí ẹ̀kán àti ìlà tó dà, ó wà nídìí fèrèsé, ó ń gbọ́, ó sì ní tirẹ̀. Bàbá Gáò tẹ̀ ba, ó wo àmì náà dáadáa, ó bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ó ti fi àtẹ́rígbà sí i!" ó ń sọ fún àwọn àlejò. "Èmi àti ìyàwó mi ń jà lórí ilé tí kò ní àtẹ́rígbà." Ó wá tún ohùn rẹ̀ ṣe, ohùn olùkọ́, ó ní ilẹ̀kùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé ibi tí ẹnì kan bá ti kọ́ ọ ni yóò fi bí orí rẹ̀ ṣe máa rí hàn, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Ó gbé ìwé náà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, pẹ̀lú ìlà tó gbọ̀n.

Ṣùgbọ́n Màmá Gáò kì í ṣe ẹni tí à ń tàn. Ó ti já ìwé mi méjèèjì kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́, ó sì ti gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun àti ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Bàbá mi wà nílé. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ tí Màmá Gáò ní, "Ọmọ yín ń fi ọwọ́ kan kọ tèmi, ó ń fi ọwọ́ kan kọ ti ọkọ mi." Màmá mi ti kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí i. Bí a ṣe tọ́ ọ ni."

"Ẹ dìde, ẹ dìde," Màmá Gáò ní, ó ń fà á lápá. "Mo fẹ́ bínú. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé ọmọ yìí gọ̀, ó sì tún gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, Àmà fúnra rẹ̀ ló bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ náà ń bọ̀. Ó ti ju ọdún kan lọ tí ìyá mi ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi gbẹ̀yìn. Ó ní kó máa wá. Ó ní òun ni yóò máa kọ́ ọ."

"Èmi ńkọ́?" Bàbá Gáò ní.

"Ìwọ máa fọ abọ́."

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ Ìbàdàn mọ́. Àmà kọ́ mi títí ó fi kú, nígbà tí mo ń lọ sí ilé ìwé gíga. Kò lo Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà kò gbọ́ èdè rẹ̀, a kàn ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ ara wa ni. Nítorí pé wọn kò dá mi padà, mo dàgbà sí Hyattsville. Nítorí pé mo dàgbà síbẹ̀, mo wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀yọ́ wọlé, tó jókòó síbi tí mo fi Bíbélì mi dì mú, tó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, Fọlákẹ́ ní, "Ìyá yẹn ni alárinà wa." Kò fi ṣe àwàdà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá Gáò tó ti darúgbó nígbà náà, ó ní kí wọ́n bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n dá ọkọ òun padà sílé. Màmá Gáò fi ọwọ́ kan bojú, ó fi èkejì fà á dìde.

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà a yẹ̀bá. Tiwa ti yẹ̀bá tipẹ́. Ojú kan ló kù báyìí, ó sì ṣì ń rí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, bó ti ń fa ìlà náà lọ láti òsì sí ọ̀tún, tí kò dúró títí ó fi dé òpin.